Ṣénjì Orí Afárá Ọba Nasirudeen

Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi síìpù tí ẹ ń tò yẹn sílẹ̀ ná, kí ẹ gbọ́ ohun tí Nasirudeen ọmọ yín fi ojú mi rí! Olè ni Qudrah ń pè mí báyìí! Èmi Bímbọ́lá, tí mo gboyè tán tí n kò tíì ríṣẹ́, síbẹ̀ tí mo kó àwọn oníkẹ̀kẹ́ jáde ní Deco Road láti fẹ̀hónú hàn lórí owó tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn, èmi náà ni olè!

Rárá o, kì í ṣe owó gidi. Eré ni. Ìlú kan ni Nasirudeen dá sílẹ̀ lórí tábìlì nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yín níbí, òun lọba, òun ló ń rọ owó. Wúrà kan jẹ́ fàdákà mẹ́wàá, fàdákà kan jẹ́ ogún bàbà. Àwa apẹja inú eré náà, igba ènìyàn, a dá bàbà kọ̀ọ̀kan, ó di wúrà kan ṣoṣo. Qudrah ni olórí wa, ó ní kí n fi wúrà náà wá lọ́yà, ká pe ọba lẹ́jọ́ lórí odò wa tó bà jẹ́.

Mo dé afárá, fàdákà márùn-ún lowó ibẹ̀. Mo na wúrà mi. Ẹ gbọ́ ohun tí oníbodè ọba sọ: "Change no dey!" Nínú ìlú tí dírágónì ń fò! Ló bá jóìn mi mọ́ ẹlòmíràn ká jọ pín ṣénjì kan, bí àwọn ọlọ́kọ̀ Enerhen ṣe ń ṣe! Òmìrán kan wà lẹ́yìn mi, òun náà na wúrà. Oníbodè mú wúrà kan, ó dá ìkejì padà fún òmìrán, ó ní ká lọ pín in. Pín kí ni? Ẹsẹ̀ kan péré ni òmìrán gbé, ó ti ré òkè keje kọjá!

Ẹ rẹ́rìn-ín o! Lọ́yà kọ̀ láti gba ọwọ́ òfìfo, Qudrah ní mo jẹ owó apẹja! N óò gba fàdákà márùn-ún mi, kí ọba sì ṣòfin pé a kò gbọdọ̀ jóìn apẹja mọ́ òmìrán mọ́.

Ẹ̀rí? Mo mú un wá láti orí tábìlì ọba. Fàdákà rẹ̀ kan rèé.

Kí ló dé tí ẹ ń yí i wò bẹ́ẹ̀? Bọ́tìnnì? Bọ́tìnnì tí ẹ ti ń wá láti ọjọ́ Jímọ̀ọ̀?

Háà! Gbogbo wúrà ìjọba yẹn, inú garawa bọ́tìnnì yín ló ti ń wà á? Yéè, ẹ̀rín fẹ́ pa mí! Alhaja, ẹ má gbé ọ̀pá tí ẹ fi ń wọn aṣọ yẹn... rárá, ẹ gbé e, ẹ gbé e!

Kábíyèsí! Jáde wá! Ẹni tó ni owó ti dé, ṣénjì mi sì ń bẹ lọ́wọ́ rẹ!