Gbọ̀ngàn Àwọn Tó Gbọ́ Tí Wọn Ò Dìde

Ẹ̀yin ará mi tí a jọ ń wọ aṣọ funfun wá sí tẹ́ńpìlì yìí ní gbogbo ọjọ́ mímọ́, ẹ fara balẹ̀, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kò dùn, mi ò sì ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọjọ́ mímọ́ tó kọjá, lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, nígbà tí àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ tó ń gbé inú tẹ́ńpìlì ti padà sí yàrá wọn, mo jókòó sídìí òpó, mo pa ojú dé, mo ń ka èémí mi. Ooru mú. Oorun gbé mi lọ.

Mo rí ọkùnrin kan tó wọ aṣọ pupa tó dúró tì mí. Ó ní Yámà, ọba tó ń dájọ́ àwọn òkú, ló rán òun sí mi. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ ṣáà mọ̀ pé mo lọ sí yunifásítì ní Báńkọ́kù nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú yín kò tíì dé ayé. Èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi a máa jókòó sábẹ́ igi ńlá kan létí odò, a ó máa fi àwọn ìyá wa àgbà ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé wọ́n ń bẹ̀rù ọ̀run àpáàdì. Malí, tó wá di ìyàwó mi, wà láàárín wa. Òun nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Mo ṣì ń rántí bó ṣe máa ń bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́ bí òjò bá rọ̀. Ìgbà náà dára. Kò ní padà wá mọ́.

Ọkùnrin náà di ọwọ́ mi mú, ilẹ̀ là, a sì wọ inú rẹ̀.

Mo rí igi gíga kan tí ẹ̀gún rẹ̀ gùn bí ìka ọwọ́. Àwọn alágbèrè ń gùn ún níhòòhò, ajá ń gé wọn jẹ nísàlẹ̀, ẹyẹ ẹlẹ́nu irin ń ṣá wọn lórí lókè. Amọ̀nà mi ní, “Ẹni tí kálukú wọn ń wá ló wà lókè yẹn. Bí wọ́n bá débẹ̀, onítọ̀hún á ti wà nísàlẹ̀.” Mo rí àwọn òpùrọ́ tí wọ́n ń fi ẹ̀mú fa ahọ́n wọn. Mo rí olórí abúlé kan tó gba oko ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn opó, nínú ìkòkò bàbà tó ń hó. Ó ń ké pé òun kọ́ ilé ńlá fún tẹ́ńpìlì. Amọ̀nà mi bi í pé ilẹ̀ ta ló kọ́ ọ sí.

Kí n má purọ́, ara tù mí. Mi ò sí lára wọn.

Lẹ́yìn náà a dé gbọ̀ngàn kan tó tutù, tó mọ́ tónítóní. Mo rò pé a ti dé ibi ìsinmi. Àwọn èèyàn jókòó ní ìlà-ìlà nínú aṣọ funfun bíi tiwa, igi tùràrí wà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó ń jó, kò sì dínkù. Àfi bí ilẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lábẹ́ ẹnì kan, ó ń pọ́n, ó ń pọ́n, onítọ̀hún kò sì lè dìde, ó ń pe ìyàwó rẹ̀, ó ń pe ọmọ rẹ̀, ó ń bẹ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kó na ọwọ́ sí òun, ọwọ́ lásán, ẹni náà kò sì la ojú, ó kàn ń sọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pé “gbígbọ́, gbígbọ́,” títí iná fi dé abẹ́ tòun náà, tó ń ké, tí ẹni àkọ́kọ́ tí ara rẹ̀ ti tutù pa ojú dé, tó ní “gbígbọ́, gbígbọ́.”

Ẹ mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tí wọ́n kọ́ wa nìyẹn: bí ariwo bá wọ etí wa, ká sọ ọ́ nínú ọkàn pé gbígbọ́ ni, ká jẹ́ kó kọjá lọ. Ẹ̀gbọ́n Sómù, olórí àwa aláṣàrò kó tó kú, ló fi kọ́ wa. Mo rí i níbẹ̀, ní ìlà iwájú. Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin.

“Wítì ọ̀mọ̀wé, o ti dé? Ẹní rẹ rèé. Ìwọ tí o lè jókòó wákàtí mẹ́ta láìmira, wá jókòó ká wò ọ́.”

Mo bi amọ̀nà mi pé kí ni mo ṣe. Ó ní, “Ta ló pè ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí Malí kú?”

Ẹ̀yin ará, lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn mo sọ fún yín pé mi ò sí nílé nígbà tí Malí ṣubú ní balùwẹ̀. Irọ́ ni. Mo wà nílé. Mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé mi ò ní mira títí tùràrí mi á fi jó tán. Ó pè mí. Mo sọ nínú ọkàn mi pé gbígbọ́ ni. Ó tún pè. Ó tún pè. Inú mi dùn pé ọkàn mi kò mì. Nígbà tí mo dìde, ara rẹ̀ ti tutù.

Bua àbúrò rẹ̀ ló wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà, tó ń tọ́jú rẹ̀ nítorí òòyì tó ń kọ́ ọ. Ó ti sáré jáde lọ ra òògùn. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ pé òun ló pa ẹ̀gbọ́n òun, pé òun ló fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Àràárọ̀ ló ń gbé ìrẹsì wá síbí fún àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ láti fi bẹ Malí. Èmi ń wò ó, mi ò sọ nǹkan kan. Ẹ tún máa ń yìn mí pé ọkàn mi balẹ̀.

Amọ̀nà mi fà mí jáde kí n tó jókòó. A dé etí odò kan. Lódìkejì ni àwọn tó ń sinmi wà. Pọ́n wà níbẹ̀, awakọ̀ ojú omi tí a máa ń lé jáde nítorí pé ó ń hanrun nígbà àṣàrò. Ó nà gbalaja sábẹ́ òjìji, ó ṣì ń hanrun. Malí jókòó, ó ń sin òdòdó sára òwú. Mo pè é lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ju òdòdó sílẹ̀, ó sáré wá sí etí omi.

“Mo gbọ́ yín, ọkọ mi. Kí ló dé?”

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Ó ní òun kọ́ ni kí n bẹ̀. “Bua ni kí ẹ lọ bá. Ẹrù yín ló gbé sórí.”

Mo jí. Mo lọ sí ilé Bua lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó ń fọ abọ́. Mo sọ ọ́ tán, kò gbé ojú sókè.

“Ẹ̀ẹ̀melòó ló pè yín?”

Mo ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ó fọ abọ́ tó kù tán. Ó wá ní kí n má dé ilé òun mọ́. Láàárọ̀ yìí ẹ bi mí pé kí ló dé tí kò gbé ìrẹsì wá. Ará ilé rẹ̀ ní ó ń sùn. Wọ́n ní kò sùn bẹ́ẹ̀ rí láti ọdún mọ́kànlá.

Ẹ ní kí n wá gba ipò Ẹ̀gbọ́n Sómù. Mi ò gbà á. Mo rí ibi tó jókòó sí. Ẹ̀yin tí ẹ pa fóònù yín lónìí, tí ẹ ti ilẹ̀kùn, tí ẹ jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ẹ ò ní mira, ta lẹ fi sílẹ̀ nílé? Ẹ dìde, ẹ lọ wò ó.