Igi Tí Mo Wọ́ Kúrò Nísàlẹ̀ Adágún

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ jẹ́ kí ẹja tẹ́ ẹ fẹ́ dín yẹn dúró ná. Dókítà ti sọ fún mi pé ọkàn mi kò ní rí ìgbà ìrúwé mìíràn, mi ò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Èmi Doyle Prather tí ẹ ń pè ní èèyàn jẹ́jẹ́, ìkà ni mí.

Gbogbo yín mọ Orval Crenshaw, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré. Bí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí ẹja kírápì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ láti àárín adágún lọ sínú àwọn odò kéékèèké láti yé ẹyin, kò sẹ́ni tó ń pa á tó Orval nígbà náà. Àṣírí rẹ̀ kò ju igi sídà mẹ́rin lọ, tó so pọ̀ mọ́ búlọ́ọ̀kù, tó rì sẹ́nu odò kan kí ẹja lè máa sá pamọ́ síbẹ̀. Kò fi àmì kankan sójú omi. Bó bá ti rí i pé ṣóńṣó orí ṣọ́ọ̀ṣì wa bọ́ sí ọ̀gángán òkúta funfun etí omi, ó ti dé ibẹ̀ nìyẹn. Èmi nìkan ló fi ibẹ̀ hàn. Ó ní, "Doyle, bó o bá sọ fẹ́nì kan, ìwọ ni màá fi ṣe ìjẹ," a sì jọ rẹ́rìn-ín.

Mi ò sọ fẹ́nì kan. Èyí tí mo ṣe burú ju sísọ lọ. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Ìlara ni, kò sí nǹkan mìíràn. Ní oṣù kẹta, lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, Orval lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Memphis. Láàárọ̀ kùtù mo ju ìdákọ̀ró mọ́ igi rẹ̀, mo fi ọkọ̀ mi wọ́ ọ lọ sínú odò tí èmi ti ń pẹja. Mo ní eré ni, pé bó bá wá a tì, n ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, n ó sì jẹ́wọ́. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi.

Orval dé, ó ju ìwọ̀ síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ẹja kan ṣoṣo ló rí. Ọjọ́ kẹwàá ló bi mí pé, "Doyle, àbí òkúta yẹn kọ́ ni? Ó jọ pé mo ti gbàgbé." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ogbó ti dé nìyẹn, ọ̀rẹ́ mi." Ẹja mẹ́tàlélógún wà nínú kúlà mi lọ́jọ́ náà, láti ìdí igi rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Nadine ọmọ rẹ̀ wá bá mi nílé, tí ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. "Ọ̀gbẹ́ni Doyle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ mọ bàbá mi jù. Wọ́n ní àwọn ò mọ ibi tí àwọn ti ń pẹja mọ́. Ṣé wọ́n ti ń ṣarán lóòótọ́ ni? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, màá gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ọ̀hún, kí wọ́n má lọ kú sómi." Gbólóhùn kan péré ni ì bá tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ojú tì mí láti sọ ọ́. Mo ní, "Ó rí bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Èmi náà ti kíyè sí i." Ó ta ọkọ̀ náà lọ́sẹ̀ kejì.

Ọdún mẹ́fà rèé tí Orval ti ń jókòó sí báráńdà rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo lọ jẹ́wọ́ fún un. Lẹ́yìn náà ló ní, "Láràárọ̀ ni mo máa ń kọ orúkọ Nadine àti ti ìyá rẹ̀ sórí ìwé kí n tó dìde, kí n lè mọ̀ bóyá mo ṣì rántí wọn. Ọdún mẹ́fà, Doyle." Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Kò tíì dárí jì mí, mi ò sì ní kí ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Nǹkan kan ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín. Bí Orval bá wọlé síbí lónìí, ẹ má bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ bi í ní ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀, kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì rẹ̀.