Pupa Tó Wà Lábẹ́ Àwòrán Jethro

"Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi! Olè lẹ ń yìn. Òtítọ́ tí mo ti fi ọ̀dà bò mọ́lẹ̀, òní ni yóò yọjú." Báyìí ni Jethro, ayàwòrán ará Ajara, ṣe já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọ̀gá ṣọ́jà lẹ́nu nínú gbọ̀ngàn Àgbádárìgì, níbi tí wọ́n ti fẹ́ fún un ní àmì ẹ̀yẹ. Ọ̀gá náà ti ní kò sẹ́ni tó mọ bí a ṣe ń to àwọ̀ lé àwọ̀ bíi Jethro. Ìyẹn ló bí Jethro nínú. Àwọn tó pa Dosu ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà ló ń yin iṣẹ́ Dosu! Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ gan-an ló ń bínú sí jù, nítorí Deborah, opó Dosu, jókòó níwájú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

"Ìyàwó wa, wo àwòrán yìí dáadáa," ni Jethro wí. Àwòrán tó wà lára ògiri náà kò jọ ènìyàn, kò jọ igi. Àwọ̀ lásán ni, dúdú bí ẹrẹ̀ ọ̀sà, tí pupa sì ń yọ láti abẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti fi sánpépà ha á. "Dúdú yẹn nìkan ni tèmi. Ọkọ rẹ ló kun gbogbo ìyókù."

Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni òun àti Dosu. Kútọnu ni wọ́n ti ń ra akirílíìkì, ọ̀dà tí wọ́n ń fi omi pò, tí kì í pẹ́ gbẹ. Dosu a kun ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a jẹ́ kó gbẹ, a tún kun òmíràn lé e, títí àwọ̀ ìsàlẹ̀ yóò fi máa tàn bí àtùpà lẹ́yìn aṣọ títa. Nígbà tí ìjọba ológun ti ẹnubodè pa, tí àwọn ènìyàn ń tò nítorí ọṣẹ, ọ̀dà Jethro tán. Dosu pín tirẹ̀ fún un: "Gbà. Èyí tó tó ẹnì kan á tó méjì." Kò pẹ́ tí àwọn ṣọ́jà fi mú Dosu, ó sì kú sí àtìmọ́lé. Deborah fọwọ́ ara rẹ̀ kó àwọn àwòrán ọkọ rẹ̀ fún Jethro, pé kó bá òun fi wọ́n pamọ́.

"Abẹ́ ọ̀dà tèmi ni mo fi wọ́n pamọ́ sí," ni Jethro wí. "Mo kùn wọ́n, mo ha wọ́n, mo fi orúkọ mi sí iṣẹ́ òkú."

Deborah dìde. "Bọ̀dá Jethro, ṣé ó tán, àbí ó kù?"

"Ó kù," ni Jethro wí. "Kí wọ́n tó mú Dosu, oníbàárà kan wá láti Èkó. Ó wo tèmi kọjá, ó dúró síwájú ti Dosu, kò lè kúrò níbẹ̀. Ìlara wọ̀ mí légungun. Mo lọ bá àwọn ṣọ́jà ní Morogbo, mo ní pupa tí Dosu kùn, ẹ̀jẹ̀ aráàlú tí ìjọba ta sílẹ̀ ni. Irọ́ ni! Dosu ti sọ fún mi pé oòrùn àárọ̀ lórí ọ̀sà ni. Wọ́n bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú."

Deborah figbe ta ní èdè Ègùn, ó di ẹ̀wù Jethro mú. "O ń jẹun nílé mi! Ọjọ́ tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ dé, ìwọ lo dì mí mú kí n má ṣubú! Fọ dúdú rẹ kúrò lórí iṣẹ́ ọkọ mi!"

"Kò ṣe é fọ̀. Tó bá ti gbẹ, omi kò ràn án mọ́. Bí mo bá ha tèmi tán, tirẹ̀ á bá a lọ."

Ọ̀gá ṣọ́jà pàṣẹ pé kí wọ́n wọ́ obìnrin náà síta. "Ẹ má fọwọ́ kàn án!" ni Jethro bú mọ́ wọn. "Ẹ pa ènìyàn nítorí ọ̀dà, ojú kò sì tì yín!" Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Deborah já àwòrán náà kúrò lára ògiri, ó gbé e mọ́ àyà, ó jáde.

Jethro kúnlẹ̀. "Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ìlara bá wọ inú yín, ẹ tètè pariwo kó tó sọ yín di apànìyàn. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀bẹ̀."

Bàbá arúgbó kan, ará Ajara, dá a lóhùn. "Ta ni ká bẹ̀, Jethro? Ẹni tí à bá bẹ̀, o ti fà á lé àwọn ṣọ́jà lọ́wọ́."