Ibi Tí Ìtàn Alálùbọ́sà Parí Sí

Ní Kétu, mo ń dúró de fọ́tòkọ́pì nígbà tí obìnrin tó ń bá bàbá alálùbọ́sà kan tẹ ìtàn tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn kan dáwọ́ dúró.

“Daddy, ìyàwó inú ìtàn yìí, ṣé ó padà wálé?”

“Ibẹ̀ ló parí sí.”

“Ẹ sọ fún èmi nìkan. Mi ò ní tẹ̀ ẹ́.”

“Ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé nìyẹn.”

Fọ́tòkọ́pì mi ti jáde, mi ò kúrò níbẹ̀.

“Ẹ sì ní kí n kọ ‘àròsọ’ sórí ẹ̀.”

“Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń ka ìwé ìròyìn yẹn dáadáa. Tó bá rí i pé àròsọ ni mo pè é, á wálé wá bá mi jà.”