Tìróò Ojú Rédíò

Má bínú, ọmọ mi, máa kọ ọ́ lọ, mi ò rántí ọdún tó ṣẹlẹ̀ mọ́. Lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe ní Àpáta, ní Jọ́ọ̀sì, obìnrin ará Ìlọrin kan wá gba rédíò àtijọ́ bàbá ẹ̀.

Ọkùnrin náà ní, "Hajíà, mo bá yín nu gíláàsì ojú ẹ̀. Ìdọ̀tí dúdú dúdú kún ibẹ̀."

"Kai, tìróò ni. Bàbá ò mọ nọ́ńbà. Ibi tí Kùránì ti ń wọlé láti Káírò ló fi sàmì sí."

"Mi ò mọ̀ o."

"Ó mọ́ lóòótọ́. Àmọ́ ojú bàbá mi lẹ nù kúrò yẹn."

Ọkùnrin náà ní, "Ẹ mú Bàbá wá, kó mú tìróò ẹ̀ dání. A ó jọ wá Káírò."

Èmi náà ò mọ̀wé. Ka èyí tó o kọ sílẹ̀ yẹn jáde, kí n gbọ́.