Ìbọn Bùràímọ̀ Kò Rùn Lọ́jọ́ Náà

Òkun o, mo kí yín, ẹ̀yin ọdẹ ẹgbẹ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pín ẹran. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ọdún omíyalé, ó ti rà síbẹ̀, n kò sì lè mí kanlẹ̀ mọ́ nítorí rẹ̀. Lónìí ni n ó tú u síta lójú gbogbo yín. Ẹ ti ní kí n di olórí yín lẹ́yìn Bàbá Nehemiah tó jókòó níwájú yìí. Kí ẹ tó gbé ipò náà lé mi lọ́wọ́, ẹ gbọ́ irú ọwọ́ tí ẹ fẹ́ gbé e lé. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ dá mi lẹ́kun, kí ó ṣe sùúrù. Èmi gan-an ti dá ara mi lẹ́kun pẹ́ jù.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ kò tíì dé ẹgbẹ́ nígbà náà, nítorí náà n ó mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ̀ mí sí Òkunọlá tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, tó ń gbé ní Otokiti, tí kì í fi nǹkan ṣòfò. Nígbà tí mo wà léwe, owó ilé-ìwé kò sí. Ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti òkèèrè ni mo fi kẹ́kọ̀ọ́. Kò sí olùkọ́ tó dúró lé mi lórí. Èmi ni mo ń jókòó, èmi ni mo ń dáhùn ìbéèrè, èmi náà ni mo sì ń ṣí ẹ̀yìn ìwé láti máàkì ara mi. N kò rẹ́ ara mi jẹ rí nígbà náà. Ibẹ̀ ni ìgbéraga mi ti bẹ̀rẹ̀: mo gbà pé ẹni tó lè máàkì ara rẹ̀ kò nílò kí ẹlòmíràn tún iṣẹ́ rẹ̀ wò. Nígbà tí mo di ọdẹ, mo gbé ìlànà kalẹ̀ fún ara mi. Akọ àgbọ̀nrín nìkan ni n ó máa pa, èyí tí ìwo rẹ̀ ti ga ju etí rẹ̀ lọ. Bí ìwo kò bá tíì ga tó etí, ọmọdé ni, kí ó máa lọ. Abo kò ní ìwo rárá, nítorí náà ọdẹ kò ní àwáwí: orí tó bá ṣófo, kí ó mú ìka kúrò lára ìbọn. Bí a bá ń pa ìyá, kí ni àwọn ọmọ wa yóò rí pa? Bàbá Nehemiah gbọ́ ọ, ó dùn mọ́ ọn, ó sì sọ ọ́ di òfin ẹgbẹ́. Ẹni tó bá pa abo, a ó gba ìbọn rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, a ó sin ẹran náà láìjẹ ẹ́, kò sì ní gba ìbọn padà àfi tó bá jẹ́wọ́ ní gbangba. Èmi ni wọ́n fi ṣe adájọ́ òfin náà.

Ṣùgbọ́n ìlànà a máa kún ẹnu, kì í kún ìkòkò. Ọdún méjì ni mo fi ń wọ igbó tí n kò mú nǹkan kan bọ̀. Bí mo bá rí akọ, ìwo rẹ̀ á kúrú. Bí ìwo bá gùn, koríko á bò ó. Elisha, tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn, ló máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Á ní, “Ọ̀gá Òkunọlá, ṣé mégádì àwọn àgbọ̀nrín ni yín ni? Ẹran á kí yín, ẹ̀yin náà á kí ẹran, kálukú á gba ilé ẹ̀ lọ.” Ẹ̀rín á sì pa gbogbo yín. Nílé, Zipporah ìyàwó mi kì í rẹ́rìn-ín, á kàn gbé ọbẹ̀ síwájú mi: “Bàbá Sharon, ẹ má bínú, ẹja náà ni o.” Mo ń ṣe bí ẹni pé kò dùn mí, ṣùgbọ́n ó ń gún mi lábẹ́ aṣọ. Ohun tó tini lójú jù níbẹ̀ ni pé kì í ṣe ebi ló ń pa mí. Mo ń gba owó oṣù. Ìyìn ni ebi rẹ̀ ń pa mí.

Lẹ́yìn náà ni omi dé. Ẹ rántí ọdún tí odò ya wọ Ganaja, tí ọkọ̀ ojú omi ń gba ibi tí kẹ̀kẹ́ ń gbà, tí wọ́n kó àwọn ènìyàn sínú kíláàsì ilé-ìwé. Àwọn ẹran náà sá gun òkè tó wà lẹ́yìn ìlú. Bàbá Nehemiah pè wá, ó ní ẹran tí omi lé wá bá wa, àlejò ni. Kí ẹnikẹ́ni má yìnbọn títí omi yóò fi fà, kí a máa lọ ṣọ́ wọn láràárọ̀. Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, àwa mẹ́rin ni a gòkè: Bàbá Nehemiah àti Elisha gba apá kan, èmi àti Bùràímọ̀ gba apá kejì. Bùràímọ̀ jẹ́ ará Ìsẹ́yìn. Bàtà ló ń tà lọ́jà kí omi tó gbé ìsọ̀ rẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ mú tó tirẹ̀ nínú gbogbo wa. Á rí ẹran kí ẹran tó rí ara rẹ̀. Ó ní kí n máa lọ níwájú, òun fẹ́ so okùn bàtà òun.

Oòrùn ti yọ. Mo rí akọ kan tí n kò rí irú rẹ̀ rí, ìwo rẹ̀ dúró ṣánṣán. Mo ní n ó kàn fi ìbọn wò ó lásán ni. Kí n tó gbé e dé èjìká, ó ti wọ inú igbó. Ewé mì, orí kan sì yọ jáde níbi tó gbà wọlé. Ẹ̀yin ará, mo lè sọ fún yín pé ìkùukùu bò mí lójú, ẹ ó sì gbà mí gbọ́. Kò sí ìkùukùu kankan. Mo rí orí náà. Mo rí i pé kò ní ìwo. Mo sì yìnbọn. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò tíì kú. Ikùn rẹ̀ tóbi, nǹkan kan sì ń mì nínú ikùn náà. Ó ń fi ẹsẹ̀ iwájú gbìyànjú láti dìde, ojú rẹ̀ sì wà lára mi. Ohun tó yẹ kí n ṣe kò ju kí n fa ọ̀bẹ yọ. Ohùn Bùràímọ̀ ni mo gbọ́ nísàlẹ̀: “Ọ̀gá! Ọ̀gá Òkunọlá! Ta ló yìnbọn?” Mo sá. Èmi tí mo máa ń kọ́ yín pé ọdẹ kì í fi ẹran sílẹ̀ nínú ìrora, mo fi ìyá àti ọmọ sílẹ̀, mo gba ẹ̀yìn òkúta, mo yí po títí mo fi pàdé Bàbá Nehemiah àti Elisha tí wọ́n ń sáré bọ̀. Èmi ni mo tún kọ́kọ́ la ẹnu bi wọ́n pé, “Ṣé ẹ gbọ́ ìbọn yẹn?”

A bá Bùràímọ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ọ̀bẹ lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ títí dé ìgúnpá. Ó ní, “Ẹ ṣeun tí ẹ dé. Mo bá a tó ń jẹ̀rora ni, mo bá ké Bísímílà, mo dúńbú ẹ̀. Ẹni tó yìn ín ti sá lọ.” Elisha ní, “Ó sá lọ kẹ̀? Ta la tún jọ wà lórí òkè yìí? Ẹ̀gbọ́n, omi ti gbé ìsọ̀ yín lọ, ebi kì í sì í tijú ẹnikẹ́ni.” Bùràímọ̀ na ìbọn rẹ̀ sí wa. “Ẹ gbọ́ òórùn ẹnu ẹ̀. Ìbọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dún á máa rùn.” Òótọ́ ló sọ, gbogbo ọdẹ ló mọ̀ ọ́n. Elisha kò lè fi imú wádìí ìbọn ẹni tó jù ú lọ, àṣà wa kò gbà á. Imú Bàbá Nehemiah sì ti di nítorí òjò. Bàbá ní, “Òkunọlá, ìwọ ni adájọ́. Gbọ́ ọ.” Mo gbé ẹnu ìbọn náà sábẹ́ imú mi. Òróró nìkan ni mo gbọ́, òróró tí ọkùnrin tó ń tọ́jú nǹkan rẹ̀ fi nù ún. Ìbọn tèmi wà léjìká mi, ẹ̀tù ń rùn lẹ́nu rẹ̀, kò sì sí ẹni tó rò ó láti yí imú sí i. Bùràímọ̀ ń wò mí, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pátápátá, nítorí pé èmi ni mo ń ṣe ìdájọ́. Mo ní, “Ó ń rùn.”

Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un gbọ́.” Mo ní n kò ní ohun tí mo fẹ́ tún gbọ́. Nígbà tó rí i pé ọ̀rọ̀ ti bọ́, kò bẹ̀bẹ̀ fún ara rẹ̀ mọ́, ti ẹran náà ló ń bẹ̀. “Ẹ jẹ́ ká gbé e fún àwọn tó wà nílé-ìwé nísàlẹ̀. Ebi ń pa wọ́n. Ẹ má jẹ́ kó ṣòfò.” Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ fún yín ló fi bẹ̀ mí. Mo ní òfin ni òfin. A gbẹ́ ilẹ̀, a sin ìyá pẹ̀lú ọmọ inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ènìyàn ń sunkún oúnjẹ nísàlẹ̀ òkè. Mo máa ń bá àwọn ọmọ mi jà tí wọ́n bá da ẹ̀kọ tútù nù, mo sì sin odindi àgbọ̀nrín láti fi bo ara mi.

Ìbọn Bùràímọ̀ lọ sórí ògiri Bàbá Nehemiah. Àdìjátù ìyàwó rẹ̀, tó ń ta ẹran gbígbẹ ní Ganaja, kò rí oníbàárà mọ́. Wọ́n ní ẹran aboyún ló ń tà. Ó wá bá mi ní Otokiti, mo fún un ní àga, kò jókòó. “Bàbá Sharon, ọkọ mi lè bínú, ó lè lọ́ra, ṣùgbọ́n kò purọ́ fún mi rí. Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Ẹ bá mi tún ọ̀rọ̀ yìí wò.” Mo ní, “Màmá, àánú kì í yí òfin padà.” Ó ní, “Ó dáa. Ọlọ́run ń wò wá,” ó sì lọ. Bùràímọ̀ kọjá sí Obajana níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì, ó ń gun ọ̀kadà láàárín àwọn tírélà, ó ń fa eruku símú, ó ń fi ohun tó bá rí ránṣẹ́ sílé. Mo ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Mo ń mi orí bí ẹni tí àánú ń ṣe.

N kò tíì dé ibi tó burú jù. Ní ìpàdé ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ọdún mẹ́ta pé. Mo rò pé kò ní wá, nítorí kí ni yóò jẹ́wọ́? Ó wá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ yìí, ó ní, “Èmi ni mo yìn ín. Ojúkòkòrò ló mú mi, mo tún purọ́ mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí.” Ẹ pàtẹ́wọ́, inú yín dùn. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé kò sí òótọ́ kan nínú rẹ̀, pé ìyà ló sọ ọ́ di òpùrọ́ kí ó lè padà sílé. Kí ni mo ṣe? Mo dìde, mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo bá a wí. Mo ní kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ wo ènìyàn tó fi ìjẹ́wọ́ gba òmìnira, kí ẹ kọ́gbọ́n. Ó gbójú sókè, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ ṣeun.” Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Mo lọ sílé, mo jẹun, mo sì sùn.

Lóṣù tó kọjá, àwa méjèèjì jọ wà nínú igbó. Akọ ńlá kan jáde síwájú wa, ìwo rẹ̀ hàn débi pé ọmọdé kò lè ṣì í mọ̀. Bùràímọ̀ gbé ìbọn, ó sì tún sọ ọ́ kalẹ̀. “Ọ̀gá, ṣé ìwo nìyẹn lóòótọ́?” Mo ní, “Ìwọ Bùràímọ̀, ìwọ lo ń bi mí?” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Mi ò gba ojú mi gbọ́ mọ́. Ó máa ń ṣe mí bíi pé bóyá èmi ni mo yìn ín lọ́jọ́ yẹn, tí mi ò mọ̀. Ẹ̀yin lẹ gbọ́ òórùn ìbọn náà. Ẹ̀yin kì í sì í purọ́.” Mo ti rò pé ìbọn rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀ ni mo gbà. N kò mọ̀ pé mo ti gba ojú rẹ̀ pẹ̀lú. Mo kúnlẹ̀ sórí ewé gbígbẹ, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Akọ náà jẹ koríko títí, ó bá tirẹ̀ lọ. Bùràímọ̀ kò lù mí, kò bú mi. Ó ní, “Àṣé kò sí nǹkan tó ṣe ojú mi.” Ó tún un sọ fún ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí mi: “Ẹ lọ sọ ọ́ níbi tí mo ti dọ̀bálẹ̀.”

Ibẹ̀ ni mo dúró sí yìí. Bàbá Nehemiah, ìbọn mi rèé, ẹ gbà á, kì í ṣe fún ọdún mẹ́ta nìkan. Ẹ wá ẹlòmíràn ṣe olórí. Elisha, ìwọ àti àwọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹran aboyún káàkiri Ganaja, ẹ lọ sídìí àtẹ Àdìjátù ní ọ̀sán gangan, kí ẹ sọ òótọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú ohùn tí ẹ fi sọ irọ́. Èmi ni n ó ṣáájú yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbé ìlànà kalẹ̀ fún ara yín nínú igbó, ó dára, ẹran kò ní tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣòfin kó má tún ṣe adájọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn wò yín, pàápàá nígbà tí ẹ bá rò pé ẹ ti mọ́ jù fún un.

Bùràímọ̀, mo dọ̀bálẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí. Ṣùgbọ́n bí kò bá tíì dé inú rẹ, má sọ ọ́ nítorí ojú àwọn tó jókòó yìí. Mo ti gba ọ̀rọ̀ kan tí kì í ṣe tìrẹ lẹ́nu rẹ rí. N kò fẹ́ gba èkejì.