Àpótí Àdúrà Tí Mo Fi Ọmọ Odó Fọ́

Halelúyà! Ẹ̀yin ará, ohùn yín kéré. Ẹni tí wọ́n ti gbé ọ̀bẹ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀fun rẹ̀, tí Ọlọ́run ní kí wọ́n gbé e kúrò, ṣé báyìí la ṣe ń yin Ọlọ́run lórí rẹ̀? Halelúyà! Ẹ̀ẹ́n, ẹ ṣeun. Ohùn yín ti dé ọjà Ìpata báyìí.

Èmi ni Ìyá Délé. Èmi náà ni mo fọ́ àpótí àdúrà ìjọ yìí. Mo ti gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ lẹ́yìn mi. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi lónìí.

Ẹ mọ ọkọ mi, Bàbá Délé. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń lọ àgbàdo àti èlùbọ́ ní Ìpata. Eruku lọ́sàn-án, sìgá nírọ̀lẹ́. Àyà rẹ̀ bàjẹ́. Bí ó bá rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé, ẹ ó máa gbọ́ tí èémí rẹ̀ ń súfèé. Ní èṣí, ọdún tí wọ́n ní kí mọ́tò máa gba ọwọ́ ọ̀tún, a wọ ọkọ̀ ní Ọ̀fà Garage, a gbé e lọ sí Ìbàdàn. Dókítà ibẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, kì í ṣe níbi tí wọ́n máa ń fà á, bí kò ṣe nínú iṣan tó ń lù kìkì ní ọrùn ọwọ́. Ó kọ ìwé kan fún mi. Ó ní, "Ìyá, iye gáàsì tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ bàbá nígbà tí ara wọn bá dá ló wà níbí. Ilé ìwòsàn tí ẹ bá gbé wọn lọ, ìwé yìí ni kó ṣáájú."

Mo dúpẹ́, mo ká a. Ìka mi ní epo, ó sì kan ìwé náà.

Kí ni mo fi ṣe? Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Ìwé ilé ìwòsàn o, ìwé ìdánwò o, ìwé kóòtù o, inú àpótí ló ń lọ. A ó gbààwẹ̀ lé e lórí, Pásítọ̀ yóò sì sun gbogbo rẹ̀ ní ìparí ààwẹ̀ ọdún, kí ẹjọ́ wa lè gòkè lọ. Mo jù ú sínú àpótí. Ọkàn mi balẹ̀ wọ̀ọ̀. Òpè ni mí!

Ọyẹ́ dé. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ọkọ mi kò lè mí mọ́. Ètè rẹ̀ dúdú bí aró. Èmi àti Sámúẹ́lì àbúrò rẹ̀ gbé e dé ilé ìwòsàn kan ní ìlú yìí. Dókítà ọ̀dọ́ kan fi ìbòmú bò ó, nọ́ọ̀sì sì ṣí atẹ́gùn inú àgbá irin fún un, díẹ̀díẹ̀. Ara Sámúẹ́lì gbóná.

"Díẹ̀ kẹ̀? Atẹ́gùn Ọlọ́run ni wọ́n ń wọ̀n fún ẹ̀gbọ́n mi bí iyọ̀!"

Bí nọ́ọ̀sì ṣe yí ẹ̀yìn padà ni Sámúẹ́lì yí ẹnu àgbá náà débi tó lè yí dé. Mi ò purọ́ fún yín, mo ní, "O ṣeun, ọmọ ìyá ọkọ mi." Ètè ọkọ mi pọ́n. A kígbe Halelúyà. Ìdùnnú asán ni!

Kò pẹ́, ó ní orí ń fọ́ òun. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jù fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀. Lójijì ó lajú wò mí, kò mọ̀ mí. Ó fa ìbòmú ya. Ó gbá nọ́ọ̀sì ní ìkúùkù, ọmọ ọlọ́mọ ṣubú lu ògiri. Mo dì í mú. Ó gbá mi lẹ́nu! Eyín iwájú mi méjì ló tu sí mi lọ́wọ́. Ẹ wò ó, àlàfo rẹ̀ nìyí. Ó gbé ibùsùn irin náà dojú dé, ó gé Sámúẹ́lì jẹ ní apá títí ẹ̀jẹ̀ fi ń ṣàn. Ọkùnrin tí kò lè rìn dé ẹ̀yìnkùlé! Ọkùnrin mẹ́rin ló dè é mọ́ ibùsùn pẹ̀lú okùn, wọ́n sì tún fi ìbòmú náà bò ó.

Sámúẹ́lì ní ẹ̀mí èṣù ni. Ó ń fọ́ ọ létí, gbà! gbà! "Jáde lára rẹ̀! Jáde!" Mo fa ẹ̀wù Sámúẹ́lì ya dé ìdí. Mo ní bí ó bá tún gbá ọkọ mi, èmi àti òun la ó kọ́kọ́ jọ jáde síta.

Dókítà ọ̀dọ́ náà fa ẹ̀jẹ̀ ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀, nọ́ọ̀sì fi ẹ̀jẹ̀ náà sínú yìnyín, ó sáré gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ. Nígbà tí èsì dé, ojú dókítà yí padà. "Gáàsì burúkú ti kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ká fún un ní abẹ́rẹ́ oorun, ká dá ọ̀fun rẹ̀ lu, ká ki rọ́bà bọ̀ ọ́."

Mo bi í léèrè bóyá ọ̀fun náà yóò padà bọ̀ sípò. Ó ní kí nọ́ọ̀sì lọ gbé ọ̀bẹ wá. Mo gbé ara mi lu ilẹ̀.

Ìgbà náà ni dókítà àgbà wọlé, ọmọ Ìlọrin, mùsùlùmí, ó dé fìlà funfun. Ó wo èsì, ó wo àgbá. "Wàláì, ẹ má fún un lábẹ́rẹ́ oorun! Bó bá sùn, kò ní jí. Ta ló yí àgbá yìí báyìí?" Sámúẹ́lì ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Dókítà àgbà yí i padà sí díẹ̀.

Ó kọjú sí mi. "Ìyá, ẹ ní sùúrù, ẹ gbọ́. Ìyà ti mọ́ bàbá yìí lára. Àìtó atẹ́gùn ló ń rán an létí kó mí. Nígbà tí ẹ bù ú fún un ní àbùjù, ó gbàgbé, gáàsì tó yẹ kó mí jáde kún inú rẹ̀, ó gun orí rẹ̀. Iye gáàsì inú ẹ̀jẹ̀ tèmi àti tiyín, ogójì ni. Tirẹ̀ lónìí, mẹ́rìndínláàádọ́rin. Bí ogójì bá ni tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, ikú ti dé, màá dá ọ̀fun rẹ̀ lu. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń gbé gáàsì kiri láti ọjọ́ pípẹ́, tí ara rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n gbé, atẹ́gùn díẹ̀ yìí yóò tó o. Ǹjẹ́ wọ́n ti wò ó rí nígbà tí ara rẹ̀ dá?"

Ìwé Ìbàdàn! Orí mi wú. Mo ní wọ́n ti wò ó rí, inú àpótí ṣọ́ọ̀ṣì ni ìwé rẹ̀ wà.

"Wákàtí kan ni mo lè fún yín," ni dókítà wí.

Mo sáré! Gèlè mi já sọ́nà. Mo dé ṣọ́ọ̀ṣì yìí, Pásítọ̀ ti lọ sìnkú ní Ọ̀mù-Àrán, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò wọn. Mo gbé ọmọ odó lẹ́yìn ilé wọn. Bàbá tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì di ìró mi mú. "Ìyá Délé! Àpótí Olúwa! Nínú ààwẹ̀!" Mo fi ìgunpá ti bàbá, wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ gbì. Bàbá, mo rí yín níbẹ̀ yẹn, ẹ forí jì mí. Mo gbé ọmọ odó sókè. Gbì! Gbì! Ẹ̀ẹ̀kẹta, àpótí là. Ìdààmú gbogbo yín tú sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ àbàwọ́n epo ara mi.

Ọ̀bẹ ti wà nínú àwo nígbà tí mo dé. Dókítà àgbà to ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. "Méjìdínlọ́gọ́ta nígbà tí ara rẹ̀ dá! Iye tó ti mọ́ ọn lára kò jìnnà sí tòní. Ẹ gbé ọ̀bẹ yìí kúrò." Ó ní Alihamudulilahi, mo ní Halelúyà, ọkọ mi tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ sì ń ṣépè fún àwa méjèèjì!

Wọ́n tún fa ẹ̀jẹ̀. Gáàsì náà ti ń wálẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ó lajú wò mí, ó mọ̀ mí. Ó ní, "Ìyá Délé, ta ló gbá ẹ lẹ́nu?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni." Ọkọ mi sunkún bí ọmọdé.

Ẹ bá mi dúpẹ́! Ẹ tún un ṣe! Ọlọ́run gbọ́ àdúrà tí mo jù sínú àpótí, ó sì rán mi kí n lọ yọ ìwé tí mo tì mọ́bẹ̀. Ìwọ tí o ń sunkún lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ rẹ kò tíì parí. Gbàdúrà, ṣùgbọ́n ìwé dókítà, àpò rẹ ni kó wà. Ẹ má sì fọwọ́ kan ẹnu àgbá!

Àpótí tuntun tí mo kàn nìyí. Kò ní kọ́kọ́rọ́.

Bàbá Délé, ẹ dìde. Ẹ rọra. Ẹ ṣí ọrùn ẹ̀wù yín, kí ìjọ rí ọ̀fun yín. Ẹ̀yin ará, ẹ wò ó dáadáa: ṣé ẹ rí àpá kankan níbẹ̀?